Kí Là Bá Pe "Verve" Nínú Bọ́ọ̀lù Rangers?

Bí Rangers bá gbá bọ́ọ̀lù tó dùn ún wò ní pápá Nnamdi Azikiwe nílùú Enugu, oníròyìn Gẹ̀ẹ́sì lè sọ pé "verve" wà nínú eré wọn. Àwa tí à ń fi Yorùbá ròyìn ńkọ́?

Ọwọ́ àwọn Faransé ni Gẹ̀ẹ́sì ti yá ọ̀rọ̀ yìí. Látinú verba ti èdè Látìn ló ti ṣẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ̀bùn òǹkọ̀wé ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè bẹ́ẹ̀ kó tó di ti olórin, oníjó àti agbábọ́ọ̀lù: agbára tí ìdùnnú wà nínú rẹ̀, tó ń ran òǹwòran.

Ìtara ò bá a mu, ó ti le jù. Ọ̀yàyà dùn lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó mọ àlejò í ṣe la fi ń yìn. Aṣọ́lé tó bá fi ọ̀yàyà pàdé bọ́ọ̀lù, góòlù ti wọlé nìyẹn! "Já fáfá" sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ọmọ tó tètè ń mọ iṣẹ́ ló yẹ. Èyí tí mo fọwọ́ sí ni "ara yá gágá." Ẹ má sì yọ gágá kúrò o. Bí a bá ní ara Rangers ti yá, ẹni tó ń gbọ́ rédíò lè rò pé ibà ló ti ń ṣe wọ́n bọ̀.

Ẹ wo ọdún 1977. Rangers, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1970 lẹ́yìn ogun abẹ́lé, pàdé IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn nínú ìdíje Cup Winners' Cup ilẹ̀ Áfíríkà, ó ku ìpele kan sí àṣekágbá. IICC ló gba ife náà ní 1976. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ta ọ̀mì láìsí góòlù; pẹnárítì ló yanjú rẹ̀ ní Kàdúná, Rangers sì gba ife náà níkẹyìn. Ẹni tó bá sọ pé ikọ̀ tí Christian Chukwu jẹ́ balógun rẹ̀ yìí "ní ìyágágá" ti ba ìtàn jẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá ní ara wọn yá gágá, a ó máa rí wọn bí wọ́n ti ń sáré.

Nítorí náà, ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ eré ìdárayá, ẹ má wá ọ̀rọ̀ orúkọ fún "verve" tipátipá. Bí àkọlé ìròyìn bá fẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ dandan, "ara yíyá gágá" tó.