Láti Orí Fíìmù Dé Inú Mẹ́mọ́rì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan papò dà ní Ìfọ́n, tí a sì ń wá fótò wọn tí a ó fi kéde ìsìnkú. Fótò ìgbà èwe wọn kò ṣòro rí. Onífótò àtijọ́ kan ní Ìlobùú ti kó gbogbo fíìmù tí ó fọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1975 sínú páálí bàtà, ó sì rí tiwọn fà yọ. Fótò ọjọ́ ogbó wọn ni ó di àwátì. Ọmọkùnrin tí ó yà á níbi ìnáwó kan ní ọdún 2009 sọ fún wa pé inú mẹ́mọ́rì ni ó wà, ṣùgbọ́n pé òun ti pa á rẹ́ kí àyè lè gba ìnáwó mìíràn.

Kí a tó dá ọmọ náà lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn wò. Iṣẹ́ fótò ti wọ inú àṣà wa pẹ́. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí lórí àwọn onífótò Yorùbá, pàápàá ní Ìlá Ọ̀ràngún, tẹ àpilẹ̀kọ rẹ̀ jáde ní ọdún 1978. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya fótò wọn, onífótò lè ya èyí tí ó ṣẹ́kù, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan náà, bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn. Àwọn ìdílé kan a sì máa lo irú fótò bẹ́ẹ̀ ní ipò ère ìbejì. Ẹ ò rí i pé fótò kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ lásán láàárín wa. Ó ń dúró fún ẹni tí kò sí mọ́.

Fíìmù ni wọ́n fi ṣe èyí. Ẹyọ kan kì í sábà gbà ju àwòrán 36 lọ. Owó ni a fi ń rà á, owó ni a sì fi ń fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ti lò ó tán, kò ṣeé tún lò mọ́. Kí ni onífótò ìbá tún fi ṣe bí kò ṣe kí ó tọ́jú rẹ̀, nítorí oníbàárà tí ó lè padà wá tẹ òmíràn?

Mẹ́mọ́rì kò rí bẹ́ẹ̀. Ní iléeṣẹ́ Toshiba ní ilẹ̀ Jàpáànì ni Fujio Masuoka ti ronú kan irú ìpamọ́ tí a ń pè ní flash, tí ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní ọdún 1984. Iná mànàmáná tí kò tó nǹkan ni a há mọ́ inú àìmọye yàrá tí ojú lásán kò lè rí, a sì máa dúró síbẹ̀ bí a tilẹ̀ yọ káàdì kúrò nínú kámẹ́rà. SanDisk gbé CompactFlash jáde ní ọdún 1994. Ní ọdún 1999 ni Matsushita, SanDisk àti Toshiba pawọ́ pọ̀ kéde káàdì SD. Nígbà tí ó di ọdún 2005, microSD ti dé: gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 15, ìbú rẹ̀ 11, kò sì nípọn ju mìlímítà 1 lọ. Kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, bẹ́ẹ̀ ni ó lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún fótò.

Fóònù alágbèéká gbilẹ̀ ní Nàìjíríà láti ọdún 2001, káàdì yìí sì tẹ̀lé e wọlé. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó ní kọ̀ǹpútà jókòó sí ẹ̀bá títì, wọ́n ń gbowó kó orin àti sinimá sí mẹ́mọ́rì fún ẹni tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì. Ní Kidal, ní àríwá ilẹ̀ Màlì, Christopher Kirkley gba orin jọ láti inú mẹ́mọ́rì fóònù àwọn ènìyàn, ó sì fi ṣe àwo tí ó pè ní Music from Saharan Cellphones. Àpótí ìwé àwọn tí kò ní àpótí ìwé ni káàdì náà.

N kò wá fi fíìmù gun ẹṣin lórí mẹ́mọ́rì. Ìjà ààlà ilẹ̀ láàárín Ìfọ́n àti Ìlobùú kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀ẹ̀kan. Bí iná bá sì mú ilé, páálí fíìmù kò ní sá jáde. Káàdì ṣeé dì mọ́ ìdí aṣọ, ẹ̀dà rẹ̀ sì ṣeé fi pamọ́ lọ́dọ̀ ará ní Èkó. Àléébù rẹ̀ ni pé ohun tí ó ṣeé tún lò ṣeé pa rẹ́ pẹ̀lú. Ohun tí a bá ṣèèṣì pa rẹ́ kì í sábà kúrò níbẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni ó kúrò nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ káàdì, títí òmíràn yóò fi gba àyè rẹ̀. Ẹni tí ó bá tètè mọ̀, kí ó má ṣe ya nǹkan mìíràn sí i. Iná tí a há mọ́ inú rẹ̀ pàápàá a máa jò díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Káàdì kan ṣoṣo kò tó ìpamọ́.

Fótò ìgbà èwe ni a lò. Ní ọjọ́ ìsìnkú, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ wọn fa aṣọ mi, ó bi mí pé ta ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wà lára pátákó yẹn. Mo ní, "Bàbá yín ni." Ó wo fótò náà títí, kò sì fèsì.