Bí A Ṣe Dán Oògùn Ọgbẹ́ Orí Ìfun Wò

Ọgbẹ́ orí ìfun, níbi tí oúnjẹ ń gbà jáde kúrò nínú ikùn, a máa ta ènìyàn nígbà tí ebi bá ń pa á, a sì máa jí i lóru. Ohun tí ó ṣòro ni láti mọ oògùn tí ó wò ó, nítorí ọgbẹ́ náà a máa jiná fúnra rẹ̀. Nínú ènìyàn mẹ́ta tí kò lo oògùn gidi, ti ẹnì kan lè jiná láàárín oṣù kan tàbí méjì. Bí ó bá mu wàrà lásìkò náà, yóò yin wàrà. Bí ó bá mu àgbo, yóò yin oníṣègùn. Kò sì purọ́.

Ìdí nìyí tí a fi ń pín àwọn aláìsàn sí ọ̀wọ́, tí a ń fún àwọn kan ní oògùn, tí a ń fún àwọn yòókù ní ohun tí ó jọ ọ́ tí kò lágbára, tí aláìsàn àti dókítà kò sì mọ èwo ni èwo. A tún ní láti fi ojú rí ọgbẹ́ náà. Ní 1957, ọdún tí a ṣí UCH n'Íbàdàn, ni Basil Hirschowitz ki awò oníokùn tí ń tẹ̀ sí ọ̀nà ọ̀fun ara rẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Cimetidine jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1976. Ó wo ọ̀pọ̀ ènìyàn sàn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dá a dúró, ọgbẹ́ a padà. Ní Perth, ní Ọsirélíà, Barry Marshall àti Robin Warren ní kòkòrò ni ó fà á, èyí tí a ń pè ní Helicobacter pylori. Ní 1984 Marshall gbé kòkòrò náà mu. Inú rẹ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n kò ní ọgbẹ́. Akin ni, àmọ́ ẹ̀rí ènìyàn kan kò tó. Nítorí náà ni wọ́n ṣe kó 100 aláìsàn jọ, tí wọ́n fún àwọn kan ní cimetidine, àwọn kan ní bismuth, pẹ̀lú tinidazole tàbí ayédèrú rẹ̀. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 1988: láàárín ọdún kan, ọgbẹ́ padà sí ara 84 nínú 100 àwọn tí kòkòrò kò kúrò lára wọn, ṣùgbọ́n 21 péré nínú 100 àwọn tí ó kúrò lára wọn.

Ọ̀ràn náà kò tán síbẹ̀ fún wa. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ni kòkòrò yìí wà lára rẹ̀ láti kékeré, síbẹ̀ àwọn díẹ̀ ni ọgbẹ́ ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni metronidazole, ìbátan tinidazole, ni a ń rà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì fún inú rírun, láìsí ìwé dókítà, tí a ń pè é ní Flagyl. Kòkòrò púpọ̀ níhìn-ín ni kò bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Dókítà tí ó bá fẹ́ kọ oògùn fún ará Adégbàyí kò lè gbára lé àbájáde Perth nìkan. A ní láti dán oògùn náà wò lára kòkòrò tiwa.