Òṣùwọ̀n Àrùn Nínú Ẹ̀jẹ̀

Oríta ńlá kan wà ní Accra, olú ìlú Ghánà, tí àwọn èrò ọkọ̀ ń pè ní Circle. Kwame Nkrumah ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Nkrumah ní oṣù kejì ọdún 1966. Ó ṣàtìpó ní Gínì, ó sì kú ní Bucharest, ní Romania, ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1972. Ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn ló sọ pé jẹjẹrẹ prọ́sítéètì ló pa á, ìyẹn ẹ̀yà ara kékeré tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ọkùnrin.

Kí ni ẹ̀jẹ̀ lè sọ fún oníṣègùn nípa àrùn yìí láyé ìgbà náà? Ní ọdún 1938, Alexander àti Ethel Gutman kọ ọ́ ní Amẹ́ríkà pé èròjà kan tí ń jẹ́ acid phosphatase máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí àrùn náà ti ràn dé egungun rẹ̀. Ní 1941, Charles Huggins àti Clarence Hodges fi èròjà yìí mọ̀ bóyá ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́. Ọdún 1966 kan náà tí Nkrumah pàdánù ìjọba ni Huggins gba ẹ̀bùn Nobel. Ṣùgbọ́n nígbà tí àrùn bá ti tàn kálẹ̀ ni àmì yìí sábà máa ń hàn. Bẹ́ẹ̀ ni òṣùwọ̀n rẹ̀ kò dọ́gba: àwọn kan ń lo ti King àti Armstrong, àwọn mìíràn ń lo ti Bodansky.

Ẹni tó ra ẹ̀wà ní olónka l'Accra, tó tún rà á ní kóńgò n'Ìbàdàn, mọ̀ pé iye owó nìkan kò lè fi ibi tí ọjà ti pọ̀ hàn, àfi bí a bá mọ bí agolo ti tóbi tó. Bí èsì àyẹ̀wò ṣe rí nìyẹn.

Ní 1979, Ming Wang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Buffalo yọ èròjà tí a ń pè ní PSA sọ́tọ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà fàṣẹ sí i ní 1986 fún ṣíṣọ́ àrùn tí a ti mọ̀, àti ní 1994 fún wíwá èyí tí a kò tíì mọ̀. Nánógíráàmù nínú mìlílítà kan ni a fi ń wọ̀n ọ́. Nánógíráàmù kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù gíráàmù. Bí ilé àyẹ̀wò mìíràn bá kọ máíkírógíráàmù nínú lítà kan, nọ́ḿbà kan náà ni. Àmọ́ CA 125, tí a fi ń ṣọ́ jẹjẹrẹ ilé ẹyin obìnrin, kì í ṣe gíráàmù rárá. Òṣùwọ̀n àdéhùn ni. Nítorí náà, 35 tó jẹ́ ààlà CA 125 kò ṣeé fi wé 4 tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mú ní ààlà PSA.

Ní 1999, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ fún PSA, síbẹ̀ ẹ̀rọ méjì ṣì lè pe ẹ̀jẹ̀ kan náà ní nọ́ḿbà méjì. Prọ́sítéètì tó kàn wú lásán, tàbí tí kòkòrò àrùn wọ̀, lè gbé PSA sókè. Ìwádìí Amẹ́ríkà kan tó jáde ní 2004 sì rí jẹjẹrẹ lára nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọkùnrin tí PSA wọn kò ju 4 lọ.

Ẹni tó gba ìwé èsì lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ ti ara nọ́ḿbà nìkan rò pé ikú dé tàbí pé ewu ti kọjá. Kí ó wo òṣùwọ̀n tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó tún àyẹ̀wò ṣe níbi kan náà bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó sì kó gbogbo èsì ọdún dé ọdún lọ bá dókítà. Bí nọ́ḿbà náà ṣe ń gòkè tàbí tó ń sọ̀ kalẹ̀ ló sábà ń sọ̀rọ̀ ju nọ́ḿbà ọjọ́ kan lọ.