Ìbílẹ̀: Bí àti Ilẹ̀

"Bí" àti "ilẹ̀" ló para pọ̀ di ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá ti pe èèyàn ní ọmọ ìbílẹ̀, "bí" ni etí wa máa ń gbọ́ jù: ọmọ ta ni, agbo ilé wo ló ti wá? Ohun tí káńsù ní Nàìjíríà náà ń wádìí nìyẹn kí wọ́n tó fún ni ní ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀.

Ibẹ̀ làwọn ìjọba kan nílẹ̀ Áfíríkà gbà yọ. Wọ́n ní Áfíríkà ló bí gbogbo wa, ọmọ ìbílẹ̀ ni gbogbo wa, ẹ̀yà wo ló tún wá ń fẹ́ ààbò ọ̀tọ̀? Lọ́jọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2007, nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò lórí Ìkéde Ẹ̀tọ́ Àwọn Ọmọ Ìbílẹ̀, orílẹ̀-èdè 144 fọwọ́ sí i, mẹ́rin kọ̀ ọ́, 11 kò dá sí i. Ó dùn mí pé Nàìjíríà wà nínú àwọn 11 yẹn. Kẹ́ńyà náà wà níbẹ̀.

Ní Kẹ́ńyà yìí kan náà, àwọn Ogiek ń dọdẹ nínú igbó Mau, wọ́n ń gbé ilé oyin sórí igi. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2009, ìjọba fún wọn ní ọgbọ̀n ọjọ́ kí wọ́n kó jáde, ó ní torí kí igbó má baà run ni. Ọ̀rọ̀ náà di ẹjọ́, ó sì dé Kóòtù Áfíríkà ní Arusha. Lọ́jọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, kóòtù dájọ́ pé ọmọ ìbílẹ̀ ni wọ́n, pé ìjọba ti tẹ ẹ̀tọ́ wọn mọ́lẹ̀. Àwọn adájọ́ ní àwọn tó ya wọ igbó, ilẹ̀ tí ìjọba gé fún ẹlòmíràn, àti àṣẹ igi gígé tí wọ́n fún àwọn kan, ló ba igbó náà jẹ́.

"Ilẹ̀" inú ìbílẹ̀ ni kóòtù gbọ́. Ibi tí oúnjẹ, oògùn àti ìsìn àwọn Ogiek ti ń wá ni àwọn adájọ́ wò. Lọ́dún 2022, kóòtù ní kí Kẹ́ńyà san ṣílè 157,850,000, kí ó sì fún àwọn Ogiek ní ìwé ilẹ̀ lórúkọ gbogbo wọn lápapọ̀.

Kóòtù kò ní ọlọ́pàá tirẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, ìjọba tún ń lé àwọn Ogiek kúrò nínú igbó Mau. Owó nìkan kò tó. Kí ìjọba Kẹ́ńyà fi ìwé ilẹ̀ wọn lé wọn lọ́wọ́, kí àwọn ìjọba Áfíríkà yòókù má sì dákẹ́ títí Kẹ́ńyà á fi ṣe é.