Àwọn tí Ó Gbé Ilé Ìsìn Híńdù Ró ní Accra

Bí ènìyàn bá ṣí kúrò ní ilẹ̀ baba rẹ̀, kì í fi ìsìn rẹ̀ sílẹ̀ sẹ́yìn. Bí oníṣòwò bá ti rí ibi tí yóò sùn àti ìsọ̀ tí yóò pàtẹ ọjà sí, ibi tí yóò ti máa gbàdúrà ni ó kù tí yóò wá. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ó gba ọ̀nà Kumasi àti Tamale lọ ṣòwò ní ìhà àríwá, tí àwọn mìíràn nínú wọn sì bá ọ̀nà náà dé Ouagadougou ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Burkina Faso lónìí, mọ èyí dáadáa. Ibi tí wọ́n bá gbé pọ̀ díẹ̀, mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì a bẹ̀rẹ̀ sí yọ orí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a kọ́ ilé ìsìn sí ilẹ̀ àjòjì, ọ̀tọ̀ sì ni kí ilé náà dúró. Ta ni yóò máa ra epo sí fìtílà rẹ̀ nígbà tí ìtara ìbẹ̀rẹ̀ bá rọlẹ̀? Ìtàn àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ní Accra, ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà kan náà yìí, dá ìbéèrè náà lóhùn.

Oníṣòwò ni púpọ̀ nínú àwọn Híńdù tí ó kọ́kọ́ tẹ̀dó sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ará Sindh ni wọ́n, agbègbè tí odò Indus ń ṣàn gbà kọjá. Aṣọ àti oríṣiríṣi ohun èlò inú ilé ni wọ́n ń tà. Ilé iṣẹ́ Chellaram, tí ó bẹ̀rẹ̀ òwò ní Èkó ní 1923, jẹ́ ọ̀kan nínú tiwọn. Ọ̀pọ̀ wọn ka ara wọn sí àtìpó tí yóò padà sílé nígbà tí òwò bá gún. Ṣùgbọ́n ní oṣù Ògọ́sì 1947, nígbà tí a pín Íńdíà sí méjì, ọ̀dọ̀ Pakistan ni Sindh bọ́ sí. Àwọn Híńdù ibẹ̀ sá lọ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Ilé tí oníṣòwò ń wò lẹ́yìn kò sì sí mọ́. Ẹni tí kò ní ilé tí yóò padà sí, ibi tí ó wà ni yóò tún ṣe. Yàrá kan nínú ilé ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń yà sọ́tọ̀ fún ìsìn. Nígbà tí ó yá, wọ́n dá owó jọ láti ní tẹ́ḿpìlì.

Ìsìn Híńdù kò ní olórí kan ṣoṣo tí gbogbo ayé ń tẹrí ba fún, kò sì sí àpò kan tí a ti ń pín owó fún gbogbo tẹ́ḿpìlì. Olúkúlùkù ilé ni ó ń gbé ara rẹ̀ ró. Ní ilẹ̀ òkèèrè, bí ẹgbẹ́ ni wọ́n ṣe máa ń ṣètò rẹ̀: ọmọ ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn a máa dá owó lọ́dọọdún, ẹlòmíràn a gba ìnáwó ìsìn ọjọ́ kan tàbí oúnjẹ ọjọ́ ọdún Diwali sí ọrùn, ẹni tí kò lówó a gbálẹ̀, a sì dáná. Ní Flushing, ní ìlú New York, wọ́n fi ẹgbẹ́ tẹ́ḿpìlì múlẹ̀ lábẹ́ òfin ní 1970, wọ́n sì ya tẹ́ḿpìlì náà sí mímọ́ ní ọjọ́ 4 oṣù Júláì 1977. Ilé ìdáná àti gbọ̀ngàn àpéjọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé ibi ìsìn náà ni ibi ìpàdé, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ọmọ ti ń kọ́ èdè baba wọn.

Ní Gánà, ọ̀ràn náà gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ti ń gbọ́ nípa Íńdíà tipẹ́, pàápàá láti ẹnu àwọn ọmọ ogun tí ó gba ibẹ̀ kọjá lọ sí ogun Bọ́mà. Ní Senya Beraku, létí òkun, ni wọ́n ti bí ọmọkùnrin kan ní 1937. Inú ilé Kristẹni ni ó dàgbà sí, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò yé wá ìdí ayé kiri, títí ó fi lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní ìhà àríwá Íńdíà. Ní 1975, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ará Íńdíà kan, Swami Krishnananda, gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí ajẹ́jẹ̀ẹ́, ó sì di Swami Ghanananda Saraswati. Ní ọdún kan náà ni a dá Ilé Àwọn Ajẹ́jẹ̀ẹ́ Híńdù ti Áfíríkà sílẹ̀ ní Accra, pẹ̀lú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olórí.

A kò lè mọ bí èyí ti tó láìrántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún mẹ́fà ṣáájú. Ní ọjọ́ 18 oṣù Nòfẹ́ḿbà 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjòjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀kẹ́ àìmọye Yorùbá ni ó ta dúkìá wọn ní ọ̀pọ̀, tí wọ́n sì di ẹrù lérí. Ilé ìsìn tí wọ́n fi òógùn kọ́, wọn kò lè dì í mọ́ ẹrù. Ní 1970, òfin mìíràn fi àwọn òwò kéékèèké sí ọwọ́ ọmọ Gánà nìkan, èyí sì kan àwọn ará Íńdíà pẹ̀lú. Ó wá hàn gbangba pé ilé ìsìn tí àlejò nìkan ń gbé ró, ẹnu ìwé àṣẹ kan ṣoṣo ni ó dúró sí.

Ilé Ghanananda kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọmọ onílẹ̀ ni ó wà nídìí rẹ̀. Àwọn Akan, Ga àti Ewe wá síbẹ̀: àwọn kan ń wá ìwòsàn, àwọn kan ń wá ìfọ̀kànbalẹ̀, àwọn mìíràn ń wá ìmọ̀. Ẹni tí ó bá mú èso tàbí owó wá sí ibi pẹpẹ kò ní láti ṣe ìrìbọmi kankan kí a tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, kì í ṣe ohun kékeré láti di alátìlẹ́yìn irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ tí Kristẹni pọ̀ jù. Ẹbí yóò bèèrè ohun tí ó ń wá lọ́dọ̀ òrìṣà àjòjì. Olúkúlùkù ni yóò sì dá ẹbí tirẹ̀ lóhùn.

Ní oṣù Jánúárì 2016, Swami Ghanananda kú. Ilé náà kò bá a lọ. Àwọn tí ó ń dá owó, tí ó ń gbálẹ̀, tí ó ń se oúnjẹ, ni wọ́n mú un dúró.

Orúkọ olùdásílẹ̀ ni ìtàn sábà máa ń kọ sílẹ̀. Orúkọ alátìlẹ́yìn kì í sí níbòmíràn ju inú ìwé owó ẹgbẹ́ lọ. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ ìtàn ìlú wọn, kí ó rán wọn lọ wo irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí àdúgbò. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti rí àwọn tí ó ń san ṣílè méjì-méjì ní ọdọọdún títí òrùlé fi bo ilé.