Fìlà Orí Arìnrìn-Àjò

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwa mélòó kan tí a ń ti Ìkàrẹ́ bọ̀ yà ní Ọ̀bà-Àkókó láti kí ìrun Àlàásárì ní mọ́ṣáláṣí kékeré kan lẹ́bàá títì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà láàárín wa tí ó dé fésìkáàpù, irú èyí tí etí rẹ̀ yọ síwájú bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ. Nígbà tí ìrun fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó yí etí fìlà náà sẹ́yìn kí iwájú orí rẹ̀ lè kan ilẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan wò ó títí, ó ní, "Ọmọ mi, fìlà ọmọ ìta ni o dé wá síwájú Ọlọ́hun yìí? Bọ́ sẹ́yìn." Ọmọ náà tẹríba, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá," ó sì bọ́ sí ìlà tó kẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà, bí a bá yà níbẹ̀, inú ọkọ̀ ni í jókòó sí. Á ní òun yóò kí i bí òun bá délé.

Ọ̀rọ̀ náà dùn wá, ṣùgbọ́n a kò lè bá àgbà jiyàn ní mọ́ṣáláṣí. Ohun tí a lè ṣe ni pé kí a wádìí ìtàn rẹ̀: fìlà wo gan-an ni fìlà Mùsùlùmí, ọ̀nà wo ni ó sì gbà dé orí wa?

Kí ọkọ̀ tó dé, ẹsẹ̀ ni àwọn baba wa fi ń rìn láti Ọ̀kà dé Ìkàrẹ́, láti Ìkàrẹ́ dé Ọ̀wọ̀. Ilẹ̀ òkè àti àpáta ni ilẹ̀ Àkókó. Bí oòrùn ọ̀sán bá ti mú òkúta gbóná, ooru rẹ̀ a máa ta láti òkè, a sì máa ta láti ilẹ̀. Àkẹtẹ̀ ni ààbò tí àgbẹ̀ àti oníṣòwò ní. Koríko tàbí imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi ń hun ún, etí rẹ̀ a sì fẹ̀ tí yóò fi ṣíji bo èjìká. Atẹ́gùn ń gba ojú ìhun rẹ̀ wọlé, òjò sì ń ṣàn kúrò ní etí rẹ̀ láìkan ọrùn. Àwọn Fúlàní darandaran ṣì ń dé irú tiwọn títí di òní, èyí tí ó ṣe ṣóńṣó lókè tí a sì fi awọ bò. Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, kò gbàgbé fìlà àti àkẹtẹ̀ nígbà tí ó ń sọ nípa aṣọ àwọn baba wa.

Fìlà aṣọ ni èkejì, oríṣiríṣi rẹ̀ ni ó sì wà: ìkòrì, òrìbí, gọ̀bì, abetí ajá. Lójú tiwa, abetí ajá ni ó wúlò jù lọ fún ará òkè. Lóní, ibi ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ ni a ti ń rí i, a ó ká etí méjèèjì sókè, a ó sì máa yan. Ṣùgbọ́n ẹ dé e jáde ní òwúrọ̀ ọyẹ́, nígbà tí kùrukùru bá bo orí òkè Ọ̀kà, kí ẹ fa etí rẹ̀ méjèèjì bo etí yín. Ẹ ó mọ̀ pé kì í ṣe fún fáàrí nìkan ni wọ́n ṣe rán an bẹ́ẹ̀. Gọ̀bì ní tirẹ̀ jinlẹ̀, ó ṣeé tẹ̀ sí ọ̀tún tàbí sí òsì, àwọn àgbà a sì máa fi owó tàbí obì pamọ́ sínú rẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé bí gọ̀bì bá tẹ̀ sí ọ̀tún, àpọ́n ni ẹni náà. Bí ó bá tẹ̀ sí òsì, ó ti gbéyàwó. Àwa kò gba èyí gbọ́. A ti rí baba ọlọ́mọ mẹ́wàá tí tirẹ̀ tẹ̀ sí ọ̀tún láàárọ̀, tí ó sì tẹ̀ sí òsì lọ́sàn-án. Ibi tí oòrùn bá ti ń yọ ọ́ lẹ́nu ni ó ń tẹ̀ ẹ́ sí.

Aṣọ òkè bíi sányán, àlàárì àti ẹtù ni fìlà ọjọ́ ńlá. Àwọn ìyá wa ní Àkókó náà ń hun aṣọ tiwọn lórí òfì tí a gbé nàró, níbi tí kíjìpá, aṣọ iṣẹ́ tí kì í tètè gbó, ti ń jáde.

Nísinsìnyí, báwo ni fìlà ṣe wá di ti Mùsùlùmí? Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun Tápà láti Bídà da Àkókó láàmú. Àwọn ènìyàn gun orí òkè, wọ́n sá wọ inú ihò àpáta. Oṣù January 1897 ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company ṣẹ́gun Bídà tí ìyọnu náà fi rọlẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀nà Tápà kan náà wà lára ọ̀nà tí Ìsìláàmù gbà wọ àgbègbè wa, pẹ̀lú àwọn oníṣòwò Ìlọrin àti Haúsá. Wọ́n gbé láwàní wá, wọ́n gbé fìlà tí a fi abẹ́rẹ́ kọ ọnà sí lára wá. Ohun tí baba ńlá ń sá fún nígbà tí ó rí i lórí ẹlẹ́ṣin, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ná owó lé e lọ́jà Ìkàrẹ́.

Ìdí kan tún wà tí fìlà kékeré aláìlétí fi bá Mùsùlùmí lára mu. Bí àkókò ìrun bá tó lójú ọ̀nà, àkẹtẹ̀ kò ṣeé fi forí kanlẹ̀. Arìnrìn-àjò yóò bọ́ ọ sílẹ̀, fìlà tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni yóò sì fi kírun. Níwájú ọba, Yorùbá ń ṣí fìlà. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú, ọkùnrin ń ṣí fìlà. Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ń fi tirẹ̀ sílẹ̀ lórí níwájú Ọlọ́hun. Lójú tiwa, ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé fìlà àti ẹ̀sìn kò ṣeé yà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ti fẹ́ẹ̀sì, fìlà pupa tí ó dúró ṣánṣán tí okùn dúdú ń jù lára rẹ̀. Nígbà tí a ṣí mọ́ṣáláṣí Ṣítà ní Èkó ní ọjọ́ kẹrin oṣù July 1894, Abdullah Quilliam, òyìnbó Liverpool tí ó gba Ìsìláàmù, wá ṣojú fún Sultan Abdul Hamid Kejì ti ilẹ̀ Tọ́kì, ó sì gbé oyè Bey wá fún Mohammed Shitta. Àwọn àwòrán Quilliam wà tí ó dé fẹ́ẹ̀sì nínú wọn. Àwọn sójà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó jọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà náà dé e. Ta ni kò ní sọ pé fìlà Mùsùlùmí pọ́nńbélé ni?

Ṣùgbọ́n ní 1829, nígbà tí Sultan Mahmud Kejì pàṣẹ pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Tọ́kì pa láwàní tì kí wọ́n máa dé fẹ́ẹ̀sì, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fẹ́ ẹ rárá. Àṣà àjèjì ni wọ́n pè é. Nígbà tó ṣe, ó mọ́ wọn lára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ Austria ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Àní ní 1908, nígbà tí Austria gba Bosnia, àwọn ará Tọ́kì kọ̀ láti ra fẹ́ẹ̀sì wọn. Ní 1925, ìjọba Mustafa Kemal fi òfin de fẹ́ẹ̀sì, wọ́n ní kí gbogbo ọkùnrin dé fìlà òyìnbó. Àwọn ènìyàn tún kọ̀, wọ́n ní ọ̀ràn ẹ̀sìn ni, wọ́n sì pa àwọn kan lórí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí àwọn baba wọn pè ní àjèjì, òun ni àwọn ọmọ kú fún, láàárín ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún péré. Kí ni àwọn tí ó kù wá ṣe? Wọ́n ra fìlà aṣọ òyìnbó tí ó ní etí níwájú, bí àkókò ìrun bá sì tó, wọ́n á yí etí náà sẹ́yìn, wọ́n á forí kanlẹ̀. Ohun tí ọmọ wa ṣe ní Ọ̀bà gẹ́lẹ́.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn kò ka fìlà ọkùnrin mọ́ àwọn ohun tí ìrun kò lè ṣàìní. Ìmúra dáadáa ni, ó sì dára. Nínú ìhúrámì ní Mákà, ìhòòhò ni orí ọkùnrin ń wà, ọlọ́rọ̀ àti tálákà. Ní ọjọ́ tí Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì wọ Mákà pẹ̀lú ìṣẹ́gun, ní 630, ẹ̀gbàwá kan sọ pé àṣíborí irin ni ó dé, òmíràn sọ pé láwàní dúdú ni, àwọn onímọ̀ sì rí i pé méjèèjì lè jẹ́ òótọ́: ti ogun ní àkókò ogun, ti àlàáfíà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àṣíborí kan àwa náà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù January 2009, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipá mú ọlọ́kadà dé àṣíborí. Àwọn kan gbé igbá borí, àwọn mìíràn gbé ike ọ̀dà. A rẹ́rìn-ín nígbà náà, ṣùgbọ́n ní ọ̀nà òkè tiwa yìí, kò sí abetí ajá tí ó lè gba agbárí lọ́wọ́ títì. Ẹni tí yóò gun ọ̀kadà, kí ó dé àṣíborí, kí ó fi fìlà sí àpò. Ẹni tí yóò rìn lọ sí oko tàbí tí yóò pẹ́ nínú oòrùn, kí ó wá àkẹtẹ̀, nítorí fésìkáàpù kò bo etí, kò sì bo ọrùn. Èyí ni ẹ̀sùn tí àwa ní sí i.

Ní ti bàbá wa ní Ọ̀bà, a bọ̀wọ̀ fún un, a sì mọ̀ pé ìfẹ́ ẹ̀sìn ni ó mú un sọ̀rọ̀. Fìlà tí bàbá dé lọ́jọ́ náà wù wá púpọ̀: ó ga, òkè rẹ̀ tẹ́jú, òwú ọnà yí i ká. Zanna Bukar ni wọ́n ń pe irú rẹ̀ lọ́jà. Orúkọ Zanna Bukar Dipcharima ni, olóṣèlú ará Bọ̀nú tí ó jẹ́ mínísítà nígbà ìjọba alágbádá àkọ́kọ́, tí ó sì kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní 1969. Ó fẹ́ràn àtimáa dé e, àwọn ènìyàn rí i lórí rẹ̀, ni wọ́n bá ń ra tiwọn.