Ìbọn ọdẹ nínú ọkọ̀: láti ẹnu bodè dé ibi àyẹ̀wò ọlọ́pàá

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tó ń gbé ní Akínmọ̀ọ́rìn báyìí, kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní bàbá òun ń lọ síbi ìṣípà ọdẹ kan lápá Ògbómọ̀ṣọ́, bàbá sì ní àfi kí òun gbé ṣakabùlà òun dání, torí pé ọdẹ kì í lọ ṣípà ọdẹ lọ́wọ́ òfo. Ìwé àṣẹ ìbọn náà wà. Ohun tó kù ni ọkọ̀. “Prof, báwo la ṣe máa gbé e tí ọlọ́pàá ò fi ní mú wa, tí ìbọn náà ò sì ní ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá lójú ọ̀nà?”

Ìbéèrè yẹn kúrú, ṣùgbọ́n ìtàn tó wà nídìí rẹ̀ gùn. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn inú kíláàsì lásán. Ní òpin oṣù Kẹta ọdún 2025, àwọn ọdẹ kan, ọmọ Hausa, gbéra láti Ìpínlẹ̀ Rivers, wọ́n ń lọ sílé ní Kano láti ṣe ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n wọ̀. Nígbà tí wọ́n dé Uromi ní Ìpínlẹ̀ Edo, àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò dá ọkọ̀ náà dúró, wọ́n tú ẹrù wò, wọ́n bá ìbọn ìbílẹ̀ nínú rẹ̀. Ni ariwo bá ta pé ajínigbé ni wọ́n. Ènìyàn 16 ni wọ́n pa. Bí ẹ bá rò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé ohun tó dá gbogbo wàhálà yẹn sílẹ̀ ni ìbọn ọdẹ tó wà nínú ọkọ̀, ní ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ ẹni tó ni ín.

Ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ ìbọn àti ọ̀rọ̀ ọ̀nà kò fìgbà kan yàtọ̀ síra. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, etí òkun ni ìbọn àti ẹ̀tù ti ń wọlé. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ló wà láàárín etí òkun àti àwọn ìlú òkè, nítorí náà, bí ìjà bá ti dé, ọ̀nà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń tì. Ìbàdàn mọ bí ọ̀nà títì ṣe ń dunni, láti ìgbà ogun Ìjàyè, 1860 sí 1862, títí dé ogun Kírìjì, 1877 sí 1893. Ìró ìbọn gan-an ni wọ́n fi sọ ogun Kírìjì lórúkọ. Àwọn Èkìtì Parapọ̀ rí ìbọn ìgbàlódé tí wọ́n ń ki láti ìdí gbà nípasẹ̀ àwọn ọmọ wọn tó wà l’Ékòó, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Ìbàdàn ṣì ń ki tiwọn láti ẹnu. Ní ẹnu ibodè ìlú kọ̀ọ̀kan, oníbodè wà níbẹ̀ tó ń gba owó, tó sì ń wo ohun tí àwọn tó ń kọjá rù sórí. Ọlọ́pàá tó na igi dí ọ̀nà lónìí, iṣẹ́ oníbodè ló ń ṣe. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ owó náà kún un.

Lẹ́yìn náà ni ìwé àdéhùn Brussels ti ọdún 1890 dé. Nítorí òwò ẹrú ni wọ́n ní àwọn fi ṣe é, òótọ́ sì ni pé òwò ẹrú wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú rẹ̀ náà ni wọ́n ti fi òfin de ìbọn ìgbàlódé kí ó má wọ apá tó pọ̀ jù nínú Áfíríkà mọ́. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ìbọn olókùúta, èyí tí inú ọ̀pá rẹ̀ dán, àti ẹ̀tù lásán. Ẹni tó ń bọ̀ wá gba ilẹ̀ ẹni kò ní fẹ́ kí ìbọn onílẹ̀ dára tó tirẹ̀. Ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn ìwé yẹn, Captain Bower gbéra láti Ìbàdàn, ó fi àgbá lu ìlú Ọ̀yọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ọdẹ Fìdítì tàbí Ìlọrà tó ṣì gbé ṣakabùlà kọ́ èjìká lónìí, ẹ má rò pé ọ̀làjú ló fò ó dá. Òfin ló pinnu irú ìbọn tó máa kàn án láti bí 135 ọdún sẹ́yìn.

Ọkọ̀ ńkọ́? Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwọn ará Afijio gan-an. Ní 1906 ni wọ́n ṣí ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ fún ọkọ̀, ìwé ìtàn sì kà á sí ọ̀nà ọkọ̀ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ara ọ̀nà yìí ni Fìdítì, Akínmọ̀ọ́rìn àti Ìlọrà tò sí. Òun náà ló wá di ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin àti òkè Ọya, kí òpópónà márosẹ̀ tuntun tó gba ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdẹ tó máa ń fẹsẹ̀ rìn láti ilé dé inú igbó wá di ẹni tó ń wọ bọ́lẹ̀kájà, lẹ́yìn náà ọkọ̀ akérò, lónìí ọ̀kadà. Lójú àwọn bàbá wa, kò sí ohun tó ta kora nínú èyí. Ògún ló ni ìbọn, Ògún náà ló ni ọkọ̀, ajá tí ọdẹ ń pa fún un ni dẹ́rẹ́bà náà ń pa fún un. Àwọn tó kọ òfin ni kò rí ìbọn àti ọkọ̀ pọ̀ lójú kan.

Òfin tó ń darí ìbọn ní Nàìjíríà títí di òní ni òfin ọdún 1959. Ó pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni àwọn tí a kà léèwọ̀, bí ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn ológun àti ìbọn ìléwọ́. Èkejì ni ìbọn ara ẹni, bíi ṣọ́tígọ́ọ̀nù tí kò ní ẹ̀rọ kankan tó ń bá a ki ọta mìíràn. (Èyí túmọ̀ sí pé ìbọn tí à ń fọwọ́ fà kí ọta mìíràn tó wọlé, tí àwọn kan ń rà kiri báyìí pé àwọn fẹ́ fi ṣọ́ oko, kò sí nínú ìpín yìí.) Ẹ̀kẹta ni ìbọn tí a ń ki láti ẹnu, ṣakabùlà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Òfin kò yọ ṣakabùlà sílẹ̀ o. Ìwé àṣẹ wà fún òun náà, ìwé àṣẹ yẹn sì jẹ́ ti ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe ti ọmọ rẹ̀, kì í ṣe ti dẹ́rẹ́bà, kì í ṣe ti ẹgbẹ́ ọdẹ.

Òfin kejì tó kan ẹni tó gbé ìbọn jáde wà nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, abala 80. Ó ní ẹni tó bá gbé ohun ìjà kiri ní gbangba láìní ìdí tó bófin mu, ní ọ̀nà tó lè dẹ́rù ba ènìyàn, lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì, ìjọba sì lè gbẹ́sẹ̀ lé ohun ìjà náà. Mo fẹ́ràn abala yìí nítorí ìtàn rẹ̀. Láti Queensland ní Australia ni wọ́n ti mú ìwé òfin náà wá, èyí tí Samuel Griffith kọ, tó di òfin níbẹ̀ ní 1899. Wọ́n lò ó ní Àríwá Nàìjíríà ní 1904, wọ́n sì fi kan gbogbo Nàìjíríà ní 1916. Gbòǹgbò rẹ̀ sì jìn dé òfin tí Ọba Edward Kẹta ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Northampton ní 1328, pé kí ẹnikẹ́ni má rìn, kí ó má sì gẹṣin kiri tòun ti ohun ìjà ní ọjà tàbí níbòmíràn, lọ́sàn-án tàbí lóru. Ẹ ò rí nǹkan! Ohun tí wọ́n fi ń ko àwọn ẹlẹ́ṣin lójú ní 1328 ni ọlọ́pàá lè kà sí ọdẹ Akínmọ̀ọ́rìn létí tó bá gbé ìbọn lé itan nínú ọkọ̀ akérò. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ tó gbé gbogbo ẹrù inú abala yẹn ni “ọ̀nà tó lè dẹ́rù ba ènìyàn”. Ìbọn tí a fi aṣọ wé, tí a tẹ́ sínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀, àti ìbọn tí ẹnu rẹ̀ yọ jáde lójú fèrèsé, ìbọn kan náà ni, ṣùgbọ́n lójú abala 80 wọn kì í ṣe ẹgbẹ́.

Ẹ̀kẹta ló le jù, òfin ìdigunjalè. Ìjọba ológun kọ́kọ́ ṣe é ní 1970, lẹ́yìn ogun abẹ́lé, wọ́n tún un ṣe ní 1984. Ẹni tó bá ní ìbọn láìní àṣẹ, owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò gbọdọ̀ dín ní ọdún mẹ́wàá, tàbí méjèèjì. Ìbọn olókùúta wà nínú ohun tí òfin yẹn kà sí ìbọn, ìbáà jẹ́ odindi, ìbáà jẹ́ pé a ti tú u palẹ̀. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn tó gbà pé bí àwọn bá yọ ìdí ìbọn kúrò lára ọ̀pá rẹ̀, tí wọ́n fi ọ̀kan sínú àpò, tí wọ́n fi èkejì sábẹ́ àga, ó ti bọ́ lọ́wọ́ òfin. Kò bọ́ níbì kankan. Kódà, ìbọn tí a tú sí ọ̀nà méjì tí a sì fi pamọ́ máa ń jọ ti olè ju odindi lọ.

Nínú gbogbo òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ẹ wá ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ fún ọdẹ pé: bí o ṣe máa gbé ìbọn rẹ nínú ọkọ̀ nìyí. Láti 1986, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ fún ẹni tó bá ń gbé ìbọn tó bófin mu kọjá láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn: kí ọta má sí nínú rẹ̀, kí òun àti ọta má sì sí níbi tí ọwọ́ ẹni tó jókòó nínú ọkọ̀ lè tètè tó. Bí ọkọ̀ náà kò bá ní bọ́ọ̀tù tó dá dúró, kí ìbọn wà nínú àpótí tí a fi kọ́kọ́rọ́ tì, kì í ṣe àpótí kékeré iwájú ọkọ̀. Mi ò ní kí a máa wo Amẹ́ríkà ṣe àwòkọ́ṣe lórí ọ̀rọ̀ ìbọn, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o. Ṣùgbọ́n ìlà díẹ̀ yẹn, ọdẹ lè kà á, ọlọ́pàá náà lè kà á.

Ìṣòro tiwa tún wà níbi pé ṣakabùlà kì í ṣe ìbọn tí à ń yọ ọta rẹ̀ bí ẹni yọ owó lápò. Ẹ̀tù la kọ́kọ́ ń dà sí i lẹ́nu, a ó fi àkísà tàbí nǹkan bẹ́ẹ̀ dí i, a ó fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, òjé á tẹ̀lé e, a ó tún fi nǹkan dí i. Bó bá ti wọlé, ọ̀nà méjì ló ń gbà jáde: kí a yìn ín, tàbí kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe fara balẹ̀ fi ọ̀pá wú u jáde díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọdẹ tí kò rí ẹran pa fi ń gbé ìbọn kíkì padà bọ̀ wálé. Tó bá fẹsẹ̀ rìn, èjìká rẹ̀ ló wà, ó mọ ibi tí ẹnu rẹ̀ kọ sí. Ẹ wá fi ìbọn kan náà sẹ́yìn ọ̀kadà lójú ọ̀nà oko tó ní kòtò. Òòlù tí a fà díẹ̀ sẹ́yìn tí a rò pé ó dúró, tó ti jẹ nítorí ogbó, kòtò kan ṣoṣo lè já a sílẹ̀.

Nítorí náà, èsì tí mo fún akẹ́kọ̀ọ́ mi kò ju èyí lọ. Kí bàbá má ki ìbọn rárá títí wọn ó fi dé ibi tí àwọn àgbà ọdẹ ti ní kí wọ́n yìn ín. Bí ó bá ti wà ní kíkì, kí wọ́n yìn ín sí ibi tí kò léwu kí wọ́n tó kúrò nílé. Kí a yọ òkúta iná tàbí idẹ kékeré tí òòlù ń lù, kí ó wà lọ́tọ̀. Ẹ̀tù gan-an ló ń bà mí lẹ́rù ju ìbọn lọ: kí ó má pọ̀, kí ó wà nínú ohun tí a dé pa, kí ó jìnnà sí ẹ́ńjìnnì, kí ẹni tó ń fa sìgá má sì sí nínú ọkọ̀ náà. Kí a fi aṣọ wé ìbọn, kí a tẹ́ ẹ sínú bọ́ọ̀tù. Ìwé àṣẹ gan-an ni kí bàbá mú dání, kí ó wo ọjọ́ tó máa parí, kí òun tó ni ìwé sì wà nínú ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá dé ibi àyẹ̀wò, kí wọ́n kọ́kọ́ kí ọlọ́pàá, kí wọ́n sì sọ pé ìbọn ọdẹ wà ní bọ́ọ̀tù kí ó tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bá a. Ìbọn tí a jẹ́wọ́ rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ìbọn tí wọ́n rí mọ́ni lọ́wọ́. Kí wọ́n má sì rìn lóru.

Díẹ̀ nínú èyí ni òfin, èyí tó pọ̀ jù ni àṣà àwọn ọdẹ àti ìmọ̀ràn àgbàlagbà. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Láti ìgbà tí Amọ̀tẹ́kùn ti bẹ̀rẹ̀ ní January 2020, a ti ń rí ìbọn nínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà wa ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ojú sì ti mọ́ ọn lára àwọn tó wọ aṣọ iṣẹ́. Ọdẹ tó wọ aṣọ oko tirẹ̀ kò ní ohun kan tó lè nà síta ju ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ. Àwọn kan ní kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe òfin sí i. Wọn kò lè ṣe é. Ìwé òfin ọdún 1999 fi ọ̀rọ̀ ohun ìjà sí abẹ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan, Abuja ló máa kọ ọ́. Kò sì gba ìwé ńlá, ojú ewé kan ṣoṣo tó máa wà pẹ̀lú ìwé àṣẹ ti tó: bí ìbọn ṣe máa wà nínú ọkọ̀, ibi tí ẹ̀tù máa wà, ohun tí ọdẹ máa sọ fún ẹni tó dá a dúró, àti ohun tí ẹni tó dá a dúró kò gbọdọ̀ ṣe sí i. Kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá. Kí wọ́n kọ ọ́ ní Hausa, kí wọ́n sì kọ ọ́ ní Esan, èdè àwọn ará Uromi.